Àtàǹpàkò Ẹni Tó Ń Sùn

Lókógómà, Abuja.
Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2018.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó wo gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé tó sì yan ti ìyá rẹ̀,

Mo kí ọ o. Mi ò ní béèrè bóyá o sùn, nítorí èmi náà ò sùn. Nígbà tí o pè mí lọ́sàn-án àná láti ilé ìwòsàn yín ní Maitama, ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ọ́ pé, "Àṣàkẹ́, o ṣe kí ni?" bí ẹni pé n kò gbọ́ dáadáa, o sì pa fóònù. Ọmọ mi, kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Ohun tí o ṣe yẹn, mo ti ṣe irú rẹ̀ rí kí n tó bí ọ, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Mo rò ó pé kí n wá bá ọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá, wàá sunkún, èmi náà á rọ̀, a ó jọ jẹun, n ó sì padà sílé láì sọ ìdajì ohun tó yẹ kí n sọ. Mi ò sì fẹ́ fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni. Dádì rẹ yóò mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpò rẹ̀ pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i kó tó dé ọwọ́ rẹ, wàá rí ojú ibi tó ti ya.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ ibi tí mo bá ti gbọ́ ọ ṣì.

Lọ́jọ́rú, wọ́n yọ òkúta kúrò nínú òróòro ọkùnrin kan, ìwọ lo fún un lábẹ́rẹ́ oorun. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀, má sì sọ ọ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló wà, Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ náà parí láyọ̀. Ẹ gbé e wá sí ríkọ́fárì, yàrá tí a ti ń dúró ti aláìsàn títí ojú rẹ̀ yóò fi dá, ìwọ nìkan lo sì wà níbẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yọjú.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́nà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Inú fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká sọ fún un pé wọ́n ti ṣe é tán."

Ó gbé fóònù náà síwájú ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fóònù kọ̀. Ó tún un gbé, ó kọ̀.

"Ojú rẹ̀ tó dì ni kò jẹ́ kó gbà. Dókítà, ṣé ẹ lè bá mi gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè díẹ̀? Ẹ̀yin náà ṣáà máa ń gbé e wò."

O ní, "Rárá o, sà. Ìyẹn ò ṣeé ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, dókítà wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo ìka. Ìka ò ní ìpéǹpéjú."

O yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà. O fi òwú nu àtàǹpàkò rẹ̀, nítorí ó ní òógùn. O tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù. Fóònù ṣí. Àbúrò gbé e jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí ìyàwó ọkùnrin náà gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, ó gbé àpò oògùn tó lọ rà nísàlẹ̀ dání. Kò sí lọ́nà kankan. Inú ọgbà yín ló wà láti àárọ̀. O sọ fún mi fúnra rẹ pé ìgbà yẹn ni àyà rẹ já. Lẹ́yìn náà ni àbúrò padà wá, ó ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà wa," ó sì bá tirẹ̀ lọ. O dákẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyekan ọkùnrin náà dé, wọ́n bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n mọ̀ pé ó ti ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀ láti ta ilé bàbá wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí lọ́yà náà gan-an. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì ti sọ fún. Láàárọ̀ àná, o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta, aṣọ ìkélé ló wà láàárín yín, o sì gbọ́ ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀.

"Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ mọ̀ ọ́n. Tí kì í bá ṣe ẹnu mi, ẹnu ta ni?"

"Dádì Tóbi, mi ò bá ẹnì kankan sọ ọ́. Ẹ wo ojú mi."

"Ojú wo? Mo ti ń wo ojú ẹ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n bá dá mi sílẹ̀, dẹ́rẹ́bà ló máa gbé mi lọlé. Ìwọ, máa lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ ní Bwari. Tí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá ránṣẹ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà lo sọ gbólóhùn méjì fún mi. Àkọ́kọ́: "Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ kẹta mi níbi iṣẹ́ nìyí, wọ́n á lé mi." Ìkejì: "Ìka lásán ni, Mọ́mì." Ìkejì yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Jẹ́ kí n fi kòtò tèmi hàn ọ́.

Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, n kò dàgbà tó ọ. Wọ́n gbé obìnrin kan wá láti oko, yóò tó ẹni ogójì ọdún, ìju ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti dà lára rẹ̀ púpọ̀. Kò mọ̀wé. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ka síwèé pé kí wọ́n yọ ìju náà. Nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ tíátà, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, òun lè yọ ilé ọmọ pẹ̀lú, ìwé ìyẹn sì yàtọ̀. Ó ní, "Dókítà kékeré, ìwé ìkejì dà?" Mo ti gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń lọ. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó kàn ń mí ni. Ọ̀gá ń wo aago. Mo mú àtàǹpàkò rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ síwèé. Àmì rẹ̀ hàn dáadáa. Kò sí ẹni tó lè wò ó kó mọ̀ pé obìnrin náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìka rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n yọ ilé ọmọ náà, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ ọ́. Láìsí ìyẹn ì bá ti kú. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ wò ni ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò náà sókè, ó ní, "Dókítà, kí ni mo tọwọ́ bọ̀?"

Mo ní, "Oògùn ni, mà. Oògùn tí a fi ń pa ọwọ́ ni."

Ó fi itọ́ nù ún. Ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ó ń lọlé, díẹ̀ ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fi hàn mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oògùn yín yìí ò fẹ́ tán o, dókítà." Ọ̀gá ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé wọ́n yọ ilé ọmọ, pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ló tẹ̀ka sí i. Mi ò tún fojú kan obìnrin náà mọ́. Mi ò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ bá a sọ nígbà tí wọ́n délé. Mo mọ̀ pé obìnrin náà yóò ti sọ pé òun kò tẹ̀ka síbì kankan. Mo sì mọ̀ pé ìwé wà níbẹ̀ tó sọ pé irọ́ ló ń pa.

Nítorí náà, má sọ fún mi pé ìka lásán ni.

Dókítà ni ọ́, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣe fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí bí mo bá ṣe ń ṣàlàyé ni nǹkan ń yé èmi fúnra mi sí i. Orí ìka kọ̀ọ̀kan ní ilà wẹ́wẹ́, òkè àti kòtò, bí ebè lóko. Fóònù ń ka àwọn ebè yìí, ó sì ń fi wọ́n wé èyí tó ti tọ́jú. Omi lè dí i lọ́wọ́, òróró lè dí i lọ́wọ́, ọwọ́ tí iṣẹ́ oko ti họ lè dà á láàmú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: ṣé ìka náà nìyí? Kì í béèrè bóyá ẹni tó ni ín wà nílé.

Ti ojú yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn fóònù tí kò wọ́n ń wo àwòrán lásán. Wọ́n lè ṣí fún fọ́tò, wọ́n lè ṣí fún ìbejì, òmíràn á tilẹ̀ ṣí fún ojú tó dì. Àwọn olówó ńlá máa ń wọn gíga imú àti jíjìn kòtò ojú, wọ́n sì ń wò ó bóyá ojú là. Ìdí nìyẹn tí ti Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin fi kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù yẹn mọ̀ pé ọkùnrin náà ń sùn. Ó sọ fún yín.

Bí o bá wá bi mí pé èwo ló dára jù, ojú ni àbí ìka, n ó ní ó dá lórí ẹni tí o ń sá fún. Lójú títì, níbi tí olè ti ń já fóònù gbà, ìka dára tó, nítorí olè kì í dúró tọrọ ìka. Nínú ilé, láàárín àwọn ẹni ẹni tó lè súnmọ́ wa nígbà tí a bá sùn, ojú tó ní dandan kí a lajú sàn jù ú lọ. Nínú tíátà, kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ojú àti ìka ń sọ ẹni tí a jẹ́. Wọn kì í sọ ohun tí a fẹ́. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí a fi sínú ọpọlọ nìkan ló ń dúró de ìfẹ́ ẹni, àwa akunilóorun sì ni a ń fi abẹ́rẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ aláìsàn. Ohun tó kù tí a fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni ojú àti ìka, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn àfi àwa.

Rò ó wò, Àṣàkẹ́. Ta ló tún mọ ojú àti ìka àwọn èèyàn bí tiwa? Ojú la ń fi ìbòmú bò. Ìka la ń fi ẹ̀rọ há. Àwa la máa ń ní kí ìyàwó tuntun lọ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná rẹ̀, àwa la máa ń kùn nígbà tí làálì kò bá jẹ́ kí ẹ̀rọ ka nǹkan. A mọ ìka tí ẹ̀jẹ̀ ti dé àti èyí tó tutù. O kọ̀ láti gbé ìpéǹpéjú, inú mi sì dùn sí ìyẹn. Ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fi dáàbò bo ojú, tí o sì fi ọwọ́ tọrẹ? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí láti àná. Mo rò pé nítorí a máa ń di ọwọ́ aláìsàn mú láti tù ú nínú ni. Ó ti mọ́ wa lára. Ohun tó bá mọ́ ni lára ni ẹni tó gbọ́n máa ń gbà bá wa wọlé.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mo ti tún apá ibí yìí kọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, pe ọ̀gá rẹ, kí o sọ fún un. Kì í ṣe láti tọrọ àyè. Láti jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Bí ó bá ní kí o dúró kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ṣèpàdé, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọkùnrin náà ń lọlé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, pé lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rọ̀ náà kò ní wúlò fún ẹni tó yẹ kó wúlò fún. Tó bá ṣì ní o ò gbọdọ̀ lọ, pè mí. N ó bá a sọ̀rọ̀ bí akunilóorun sí akunilóorun, mi ò ní sọ̀rọ̀ bí ìyá.

Má kọ ọ́ sínú ìwé fún ọkùnrin náà, má sì rán nọ́ọ̀sì sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí gbangba ni wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́, a kò lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Kí o sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe nìkan: ọjọ́ wo, ìka wo, ta ló gba fóònù, ibo ló gbé e lọ, ibo ni ìyàwó wà nígbà náà. Má sọ ohun tí o rò pé àbúrò rẹ̀ kà. O ò rí i. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọdé, yóò parí ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Ó lè pariwo. Ó lè ní kí wọ́n lé ọ. Wọ́n sì lè lé ọ lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ pé wọn ò ní ṣe é. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá rẹ ṣì wà ní Lókógómà, aṣọ tí mo ń sá síbẹ̀ nìkan ni n ó kó kúrò. Mo lè bá ọ wá iṣẹ́ míràn. N kò lè bá obìnrin yẹn wá ọdún mọ́kàndínlógún míràn. Nígbà tó bá dé Bwari, tí ìyá rẹ̀ bá bi í pé kí ló ṣe, kí ni yóò sọ? Yóò sọ òtítọ́, pé òun kò mọ nǹkan kan. Irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dún bí irọ́. Mo ti sọ obìnrin kan di bẹ́ẹ̀ rí. A máa ń pa á lówe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọmọ mi, tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò tíì bá a. Ìwé yìí ló súnmọ́ ọn jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá ṣì fi ọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, kí àṣà kan bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ rẹ. Nígbà tí o bá lọ kí aláìsàn kó tó wọ tíátà, tí o ń béèrè eyín àtọwọ́dá àti òrùka, béèrè fóònù náà. Kó pa á pátápátá níṣojú rẹ. Fóònù tí wọ́n pa tí wọ́n tún tàn máa ń béèrè nọ́ńbà kó tó gba ojú tàbí ìka, ìka tí wọ́n fi òwú nù kò sì ní lè ṣí i. Kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí òun fẹ́ kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.

Mo tún ń wo àpò tí n ó fi ìwé yìí sí. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, yóò ya, ojú ọgbẹ́ yóò wà. Tàdáwà tó wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, àmì ni. Ó fún un láyè láti béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni mo fi dá a lóhùn. Fóònù Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin kò ní ọgbẹ́, òwú rẹ sì ti nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tó lè rí tí yóò fi béèrè. Ìwọ nìkan ni àmì tó kù.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí aago méje tó lù, lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Rí i pé ojú rẹ̀ là. Má fọwọ́ kàn án. Bi í bí a ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tó jí lọ́wọ́ wa: kí lorúkọ yín, sà? Ibo lẹ wà? Ọjọ́ wo la wà? Tó bá dá ọ lóhùn, tí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sì tọ̀nà, nígbà náà, sọ fún un.

Èmi ni, ìyá rẹ, tó ti ń ti ọ lẹ́yìn láti ọjọ́ tí o ti ń rá.